Ìpara Àwọn Àgbà

Òórùn ló kọ́kọ́ ròyìn fún un. Kò tíì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí náà tán tí òórùn ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ fi gba imú rẹ̀ kan, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé firísà tún ti kú. Kì í ṣe pé iná lọ. Iná ń tàn yòò lókè orí rẹ̀. Firísà kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi mímu àti oúnjẹ ọ̀sán àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ń kùn kíkankíkan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà wà nínú rẹ̀ nìkan ló yàn láti kú.

"Ṣé orí tèmi nìkan ni gbogbo nǹkan ń dà lé ni?" ló pariwo sí yàrá òfìfo, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá firísà náà. Ẹsẹ̀ ló dùn ún.

Dókítà ni obìnrin yìí. Ìyá Arúgbó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ ewú ò tíì yọ lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó ló ń fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí, òun ló jẹ́ kí orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fi ṣiṣẹ́ lára àgbà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀dọ́? Gún ọ̀dọ́ lábẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dìde fùú. Gún àgbà, àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ a yí ẹ̀gbẹ́ padà, wọn a tún máa sùn lọ. Nígbà tí ikọ́ burúkú kan jà, àwọn àgbà tó ti gba abẹ́rẹ́ ṣì ń kú bí ewé tó ń já, bàbá tó bí i lọ́mọ sì bá wọn lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń tọrọ owó ìwádìí, láti ìgbà náà sì ni owó ọ̀hún ti ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá tí kì í kí i.

Àjọ kan ló wà tó ń fún àwọn onímọ̀ lówó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tí yóò gbà á, ó máa ń ku òun àti ọkùnrin kan tí yàrá rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ ni ọkùnrin yẹn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bàbá Ìkókó. Lọ́dún kan, ohùn Ìyá Arúgbó há níwájú ìgbìmọ̀, ó ń ya ẹnu bí ẹja. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oorun kùn ún lórí ìjókòó níbi tó ti ń dúró kí wọ́n pe òun, ìgbà tó jí, wọ́n ti ń gbálẹ̀. Bàbá Ìkókó ló gba owó nígbà méjèèjì. Ó tún wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Má bínú o, ọ̀rẹ́ mi. Ta ní í bomi rin igi gbígbẹ?"

Lọ́dún yìí, àwọn àlejò láti Àjọ náà fúnra wọn ń bọ̀ wá wo ẹ̀jẹ̀ tó kó pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ló ń rùn yìí. Ó pè wọ́n lórí fóònù, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn sọ pé, "Ó dáa, Dókítà. Tá a bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ tuntun lójú wa, kí a rí i bó ṣe ń bá àrùn jà nínú ẹ̀rọ yín. Tá ò bá rí i, a ò ní padà wá mọ́." Ọ̀gá ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ sì ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí owó kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, yàrá ìwádìí àwọn àgbà yóò di ibi tí wọ́n ń kó ibùsùn tó ti kán sí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá a sún firísà kúrò lára ògiri kí wọ́n lè fọ ilẹ̀, nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí i. Abẹ́rẹ́ kan ni, tó ti dípẹtà, tí wọ́n fi òwú dúdú àti òwú pupa wé láti orí dé ẹnu, tí wọ́n wá gún mọ́ ara wáyà iná. Nọ́ọ̀sì rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde, kò sì padà sínú yàrá náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

*

Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, ló gbé abẹ́rẹ́ náà lọ bá nínú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì yí i padà lórí tábìlì, ó sì mí kanlẹ̀.

"Èmi tí mo ti ń lo abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ, mo mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ránṣọ, mo sì mọ èyí tí wọ́n fi ń rán ènìyàn lọ sọ́run. Ta lò ń bá jà?"

"Àǹtí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò gba irú nǹkan báyìí gbọ́."

"O ò gbà á gbọ́. Ó dáa. Ṣé òun náà gbọ́ pé o ò gba òun gbọ́?" Àǹtí fi sísọ́ọ̀sì náà lé tábìlì. "Ohùn ẹ há, o ní ọ̀fìnkìn ni. Oorun gbé ẹ lọ, o ní iṣẹ́ ló pọ̀. Firísà kú, o ní kí ni?"

Ìyá Arúgbó wo abẹ́rẹ́ náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sì sunkún láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n gé tí wọn ò tíì rán.

"Pa ẹnu mọ́," ni Àǹtí wí jẹ́jẹ́. "Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀la la máa lọ rí ẹnì kan. Wọ bàtà tí kì í dún."

*

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká yọjú sí ẹni òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá Ìkókó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ó ti gbogbo fèrèsé pa, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Inú tirẹ̀ náà kò dùn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ọmọ ọwọ́ ti máa ń figbe ta bí wọ́n bá ti gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọn a sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá gbé wọn kúrò. Àwọn ìyá wọn ti ń wò ó lójú tí kò yé e.

"Ẹ ní ti firísà yẹn ti tó," ló ń sọ sínú fóònù fún adáhunṣe tó bẹ̀ níṣẹ́. "Wọ́n tún ní kó fa ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i."

Bí ẹni ń jẹ nǹkan lọ́wọ́ ni ohùn òdìkejì ṣe ń dún. "Àwọn arúgbó yẹn á ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan lójú àwọn àlejò. Ṣé ìyẹn tó?"

"Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kú o!"

"Èmi náà ò dárúkọ ikú. Ìwọ lo dárúkọ rẹ̀." Fóònù pa. Bàbá Ìkókó gbìyànjú láti tan ọkọ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò wọ ihò rẹ̀.

*

Ọ̀sán gangan ni Ìyá Arúgbó àti Àǹtí lọ, lákòókò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹun. Ilé gíga kan ni, wọ́n gun àtẹ̀gùn títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú Àǹtí. Oníṣègùn tí Àǹtí mú un wá rí wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Yàrá rẹ̀ mọ́ ju yàrá ìwádìí lọ. Tẹlifíṣàn ń ṣiṣẹ́ ní igun kan, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn kankan jáde. Gbogbo àkókò tí wọ́n fi wà níbẹ̀, bàbá náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni, àfi tẹlifíṣàn yẹn.

Ó gba abẹ́rẹ́ náà, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Èyí tó ti ṣiṣẹ́ nìyí," ló wí. "Òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ń lọ. Kí ni ìwọ àtàwọn àgbà jọ ń ṣe?"

Ibí yìí gan-an ni Ìyá Arúgbó ti ṣe ohun tó ṣe. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ́, ó wá rí ara rẹ̀ bí ẹni ń wo fọ́tò: òun, dókítà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, lórí àga oníṣègùn. Ojú tì í. Òun tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń jágbe mọ́ àwọn aláìsàn pé kí wọ́n má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà, òun náà ló ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga tó purọ́.

"Mo ní ilé tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, Bàbá. Oúnjẹ, aṣọ fífọ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

Àǹtí yíjú wò ó. Ìyá Arúgbó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí o, Bàbá."

Oníṣègùn náà mi orí díẹ̀. Ó gbé ike ìpara funfun kan síwájú, ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ kó lè sùn:

"Wọ́n fi idà ṣá omi, omi padé ara rẹ̀.
Wọ́n ta òjìji lọ́fà, òjìji kò yí ẹsẹ̀.
Kòkòrò tó bá bu òkúta jẹ, eyín ara rẹ̀ ni yóò kà.
Ẹni tí wọ́n rán sí wọn kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an."

Lórí tẹlifíṣàn, gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró gbagidi, wọ́n kọjú síta bí ẹni ń gbọ́. Ìyá Arúgbó ṣẹ́jú. Wọ́n ti tún ń sáré.

"Kí àwọn àgbà náà fi pa apá méjèèjì kí èyí tó ń bọ̀ yẹn tó dé," ni bàbá náà wí. "Ohun tí ọ̀tá rán kò ní rí ibi wọlé."

*

Ìyá Arúgbó sọ fún àwọn àgbà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn pé ìpara awọ gbígbẹ ni. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀bùn, wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Bàbá Sójà, tó ti ja ogun rí, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, fi kún ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní òun ṣì lè rí ìyàwó tuntun fẹ́. Màmá Ológbò, tí kì í jáde kó má sọ̀rọ̀ nípa ológbò rẹ̀, bèèrè bóyá ó kù díẹ̀ tí òun lè mú lọ sílé.

Ìyá tó bí i náà wà lára wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló ti ń fún un lẹ́jẹ̀. Ó gbóòórùn ìpara náà, ó sì wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Ìpara lásán ni, Màámi."

"Lásán." Ìyá náà fi pa apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀ títí ó fi parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Màmá Ológbò ló kọ́kọ́ dé, ó gbé nǹkan kan tó wé sínú aṣọ ìnujú wá. Èékánná ológbò ni. "Ẹ wò ó, Dókítà. Ó fẹ́ ha mí lọ́wọ́ láàárọ̀, èékánná rẹ̀ ló kán. Àbí kò jẹun kánú?" Ìyá Arúgbó rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa fún un ní wàrà. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Etí rẹ̀ wà lọ́nà, ó ń retí bàtà àwọn àlejò.

*

Wọ́n dé, obìnrin kan tó ga tó wọ jígí ojú, àti ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ti gbóná, ó ń dún bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà jókòó tò sórí àga, wọ́n ká apá aṣọ sókè. Ọkàn Ìyá Arúgbó balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Nọ́ọ̀sì so okùn mọ́ apá Bàbá Sójà, ó wá iṣan, ó rí i, ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ó dúró. Ó tún tì í.

"Dókítà," ló wí jẹ́jẹ́, "ó tẹ̀."

"Mú òmíràn."

Òmíràn náà tẹ̀. Ó kúrò lára Bàbá Sójà, ó lọ bá Màmá Ológbò. Ẹnu abẹ́rẹ́ yọ̀ lórí awọ tó rọ̀ yẹn bí ìgbà téèyàn ń fi ìka ya nǹkan sórí gíláàsì. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oníṣègùn padà wá bá Ìyá Arúgbó, omi, òjìji, òkúta. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára tì í. Abẹ́rẹ́ náà kán, ó sì ta sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà obìnrin oníjígí náà.

"Ṣé eré lẹ ń ṣe fún wa ni?" ni obìnrin náà bèèrè.

Ariwo kan sọ lọ́dẹ̀dẹ̀ kó tó dáhùn. Bàbá Ìkókó ni. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó ń retí kí arúgbó kan ṣubú. Òun ló ṣubú, gbì, bí àpò ìrẹsì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìgbà tí wọ́n gbé e sórí ibùsùn kọjá, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí kò tíì fọhùn.

Àwọn àlejò sọ̀rọ̀ pọ̀ ní igun yàrá. Obìnrin náà padà wá.

"Ẹnìkejì yín ò lè bá wa sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ rí i. Kò sí ẹlòmíràn. Owó yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiyín, Dókítà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré la fẹ́ rí. A ó padà wá lọ́la kó tó di ọ̀sán."

*

Oníṣègùn kò yí ojú kúrò lára tẹlifíṣàn.

"O ní oúnjẹ àti aṣọ fífọ̀," ló wí.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ojú ló tì mí."

"Ká ní o sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ ẹ, ṣé mi ò mọ bí màá ṣe yọ ọ̀nà kan sílẹ̀ fún un ni? Ojú ò tì ẹ́ láti wá, ojú wá ń tì ẹ́ láti sọ." Ó ti ìgò kékeré kan sí i. "Ẹ̀rọ̀ ẹ̀ nìyí. Ẹ̀kán kan lórí apá, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lára ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ́, kó sì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. O ò lè bá wọn sọ ọ́."

Bí ẹni ń fò ló ṣe sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn. Ọ̀rọ̀ ti tán! Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀?

*

Ó kó wọn jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe purọ́ fún oníṣègùn àti bó ṣe purọ́ fún wọn. Ó bẹ̀ wọ́n lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó bínú, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Ṣé abẹ́rẹ́ ò lè wọlé sí mi lára mọ́?" ni Bàbá Sójà bèèrè.

"Kò lè wọlé, Bàbá."

"Ọ̀bẹ ńkọ́? Ọta ìbọn?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá."

Bàbá Sójà fẹ̀yìn ti àga, ó rọra tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lójú ogun, nǹkan tí mò ń wá nìyẹn. Ẹ wá ní kí n dá a padà?"

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Bí ikọ́ yẹn bá tún dé, a ò ní lè gún yín lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ ó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni!"

"Nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọlé," ni Màmá Ológbò wí, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà rárá, "ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kì í ṣiṣẹ́ lára wa."

Ìyá Arúgbó nawọ́ sí ẹ̀rọ. "Ìwádìí yẹn ló máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́! Ẹ ṣáà fún mi láàyè!"

"Ọjọ́ wo?" ni Bàbá Sójà bèèrè. "Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń fa ẹ̀jẹ̀ wa, Dókítà. Ẹ ní ohun tó máa dáàbò bo àgbà lẹ ń wá. Ẹ ti rí i. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín." Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Àwọn yòókù dìde tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń súre fún un bí wọ́n ti ń kọjá, àdúrà wọn sì ń ta á lára bí ata.

Ó ku ìyá rẹ̀ nìkan lórí àga. Ìyá Arúgbó ṣí ìdérí ìgò náà. Ẹnìkan ṣoṣo á tó. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré, ẹ̀rọ á ṣe ìyókù, owó á wọlé, yàrá yìí ò ní di ilé ibùsùn kíkán.

"Màámi, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ wò ó, nítorí Bàámi ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀." Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pa á lórí, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ṣì kéré. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ibi tí bàbá yín kú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń sùn. Kò sí ohun kan tó tíì gbèrò láti wọ̀ mí lára tí mo lè sọ fún pé kó má wọlé, àfi ní ọjọ́ méjì yìí."

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, Màámi!"

"Láti ọjọ́ tí mo ti lóyún ẹ ni mo ti ń fún ẹ lẹ́jẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ̀nba tó kù yìí, fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó mú àpò rẹ̀, ó sì jáde. Ìyá Arúgbó dúró sáàárín àwọn àga òfìfo, ìgò ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ń bí i, inú bí i sí gbogbo wọn, kò sì rí ẹnì kan tó ṣẹ̀ ẹ́ láàárín wọn. Bàtà àwọn àlejò ti ń dún bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀.